Gbólóhùn Kan fún Kíláàsì Àwòrán: Ìtọ́sọ́nà fún Olùkọ́ Alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀

Olùkọ́ tó bá wọ kíláàsì, tó kọ "Ẹ ya ilé" sójú pátákó, ilé kan ṣoṣo ni yóò gbà lọ́wọ́ ọmọ àádọ́ta. Òrùlé onígun mẹ́ta, ilẹ̀kùn láàárín, fèrèsé kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, oòrùn tó ń rẹ́rìn-ín ní igun ìwé. Bẹ́ẹ̀, ní Ìbàdàn tiwa níbí, ọmọ Bẹẹrẹ wà níbẹ̀ tó ń gbé agboolé, ọmọ Mọ́kọ́lá wà níbẹ̀ tó ń gbé orí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ọmọ Mọ́níyà wà níbẹ̀ tí wọn kò tíì rẹ́ ilé wọn tán. Kò sí ìkankan nínú wọn tó ya ibi tó ti jí láàárọ̀. Ilé inú ìwé ni wọ́n yà.

Kí olùkọ́ yẹn kan náà wá sọ pé: "Wọ́n mú iná lọ lálẹ́ àná. Ẹ ya ilé yín nínú òkùnkùn yẹn, kí n sì rí ẹni tó kọ́kọ́ wá ìmọ́lẹ̀." Ariwo á sọ. Ẹnì kan á ní ìyá àgbà ni, ẹlòmíì á ní fóònù bàbá òun ni wọ́n tàn. Kí wọ́n tó gbé pẹ́ńsù, olúkúlùkù ti rí ilé tirẹ̀ lọ́kàn.

Irú gbólóhùn kejì yẹn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọnà ní Ìbàdàn, nínú kíláàsì tó kún, tí kréyọ̀nù kì í tó, ibẹ̀ náà ni mo sì ti ń lo gbogbo ohun tí ẹ máa kà yìí. Ó dá mi lójú pé púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tí a máa ń sọ pé wọn kò mọ àwòrán yà, kò tíì sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè tó yẹ ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílùú yìí. Kenneth Murray, òyìnbó tó dé Nàìjíríà ní 1927 láti kọ́ni ní iṣẹ́ ọnà, ṣe tíṣà ní Government College, Ìbàdàn. Ohun tó dúró lé ni pé kí ọmọ ilé ìwé ya ohun tó wà nínú ayé tirẹ̀, dípò kó máa da àwòrán Yúróòpù kọ. Ben Enwonwu, tí ayé padà mọ̀ káàkiri, wà lára àwọn tó kọ́.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ yan gbólóhùn náà nílé

Ẹ má dúró dìgbà tí ẹ bá dé iwájú kíláàsì kí ẹ tó máa ronú ohun tí wọ́n máa yà. Lálẹ́ tó ṣáájú ni kí ẹ ti kọ gbólóhùn náà sílẹ̀, kí ẹ sì bi í ní ìbéèrè mẹ́ta. Ṣé ọmọ ti fi ojú rẹ̀ rí nǹkan yìí, àbí ó ti fi ọwọ́ kàn án? Ṣé ẹnì kan ń ṣe nǹkan kan nínú rẹ̀? Ṣé ó ku ohun tí ọmọ fúnra rẹ̀ máa pinnu? Bí ìdáhùn kan bá jẹ́ rárá, ẹ tún un kọ.

Ẹ wo "Ẹ ya ọjà". Ọmọ ti rí ọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ń ṣe kí ni? Ẹ sọ ọ́ di: "Ilẹ̀ ti ń ṣú ní ọjà Bódìjà, àwọn ọlọ́jà ń palẹ̀ mọ́. Kí ló ṣẹ́ kù nílẹ̀, ta ló sì ń ṣà á?" "Ẹ ya mọ́tò" á di: "Mícrà ti kún, wọ́n sì tún ní kí ẹnì kan sún sí i. Ibo lo jókòó sí, kí ló wà lórí itan rẹ?" "Ẹ ya òjò" á di: "Òjò ká ọ mọ́ ọ̀nà ilé ìwé. Abẹ́ kí lo sá sí, ta lẹ sì jọ sá síbẹ̀?" Ibi tí mo ti bi í pé "ta lẹ jọ sá síbẹ̀" ni ọmọ ti máa ń ya ohun tí ẹnikẹ́ni kò retí: ewúrẹ́, ọlọ́kadà, ìyá oní-bọ̀ọ̀lì tó fi ọ̀rá bo iná rẹ̀.

Orí íntánẹ́ẹ̀tì kún fún irú gbólóhùn wọ̀nyí lédè òyìnbó, ó sì dára kí ẹ máa wò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló jẹ́ ti ọmọ tó ń gbé ibi tí yìnyín ti ń bo ilẹ̀. Ẹ wá ohun tó wà lábẹ́ gbólóhùn náà, kí ẹ gbé e wálé. Ẹni tó ní kí ọmọ ya ènìyàn tí wọ́n fi yìnyín mọ, ohun tó ń béèrè ni pé kí lo fi ohun tí ojú ọjọ́ gbé wá ṣeré. Níhìn-ín, ọyẹ́ ló ń gbé ti wa wá: "Eruku ọyẹ́ ti bo mọ́tò kan pátápátá. Kí lo fi ìka yà sára rẹ̀, kí ni ẹni tó ni mọ́tò sì sọ?" Kò sí ọmọ Ìbàdàn kan tí kò ṣe èyí rí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ wo ọjọ́ orí wọn

Viktor Lowenfeld, ọmọ ilẹ̀ Austria tó padà kọ́ni ní Amẹ́ríkà, fara balẹ̀ wo bí àwòrán ọmọdé ṣe ń yí padà bí wọ́n ṣe ń dàgbà. Ohun tó sọ wúlò fún wa gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ kan lè yára ju èkejì lọ.

Láti bí ọdún 4 sí 7, nǹkan máa ń léfòó lójú ìwé, ohun tó bá ká ọmọ lára ló sì máa ń tóbi jù. Bí ajá bá lé e lánàá, ajá á ga ju ilé lọ. Ẹ má tún un ṣe. Àwọn Prámárì Kìíní àti Kejì wọ̀nyí ń fẹ́ gbólóhùn kúkúrú tó dá lórí ara wọn: "Ìwọ rèé tí o ń wẹ̀, ọṣẹ ti wọ̀ ọ́ lójú."

Láti bí 7 sí 9, ẹ máa rí i pé wọ́n ń fa ìlà kan sísàlẹ̀ ìwé tí gbogbo nǹkan á dúró lé. Wọ́n a kun òfuurufú sókè bíi tẹ́ẹ̀pù, àárín á sì ṣófo. Wọ́n tún máa ń ya ohun tó wà nínú ilé pẹ̀lú ògiri rẹ̀, bí ẹni pé ògiri náà jẹ́ gíláàsì. Ẹ lo ìyẹn. "Kí ló wà nínú àpò tí ìyá àgbà gbé ti ọjà Gbági bọ̀?" "Kí ló ń lọ ní ojúlé kọ̀ọ̀kan nínú ilé yín lẹ́ẹ̀kan náà?" Ọjọ́ orí yìí gan-an ló fẹ́ràn irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀.

Láti bí 9 lọ sókè ni ọ̀rọ̀ ti le. Ọmọ Prámárì Karùn-ún ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo ìwé ẹni tó jókòó tì í. Ó fẹ́ kí tirẹ̀ jọ ohun gidi, bí kò bá sì jọ ọ́, á fi ọwọ́ bò ó. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń pa pẹ́ńsù tì títí ayé. Wọ́n nílò gbólóhùn tó ní ibi ìwòye: ibo lo dúró sí tí o fi ń wò ó? "O gun Láyípo dé òkè pátápátá, o sì wolẹ̀." Àwọn tí kò tíì dé ibẹ̀ kò ní sọnù, ẹ sọ fún wọn pé ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 láti fi rántí Bower, ọ̀gágun òyìnbó tó ṣàkóso Ìbàdàn láyé ìjọba amúnisìn, ni à ń sọ, tí àtẹ̀gùn inú rẹ̀ ń yí po lọ sókè. Àwọn òrùlé páànù tó ti dípẹtà ni wọ́n máa yà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, èyí tó jìnnà á kéré. Wọ́n ti kọ́ bí ohun tó jìnnà ṣe ń kéré láìsí pé olùkọ́ fi rúlà fa ìlà kankan.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ọ̀rọ̀ kọ́kọ́ ṣáájú pẹ́ńsù

Ìgbésẹ̀ yìí ni mo kà sí jù. Bí ẹ bá ní ìṣẹ́jú 40, ẹ fi 10 sọ̀rọ̀, kí ìwé àti pẹ́ńsù ṣì wà nínú báàgì. Ẹ jẹ́ ká mú gbólóhùn kan: "Ya ẹni tó ń ro àmàlà nílé yín." Bí ìfọ̀rọ̀wérọ̀ náà ṣe máa ń lọ rèé:

"Ṣé ìdúró ni wọ́n máa ń wà tí wọ́n bá ń rò ó?"
"Rárá, Àǹtí, orí àpótí ni wọ́n máa ń jókòó sí."
"Kí ló di ìkòkò mú tí kò fi ń yí?"
"Ẹsẹ̀ wọn! Wọ́n máa ń fi aṣọ wé e, wọ́n á wá fi ẹsẹ̀ tì í."
"Ọwọ́ mélòó ló wà lára ọmọrogùn?"
"Méjì!"
"Ojú wọn ńkọ́?"
"Wọ́n máa ń gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, torí èéfín."

Ẹ ní kí gbogbo wọn dìde kí wọ́n máa ro àmàlà lófuurufú. Kí ẹ sì ní kí wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ láìmira. "Èjìká rẹ wo ló ga? Ẹ̀yìn rẹ ńkọ́, ó nà àbí ó tẹ̀?" Ọmọ tó ti fi ara rẹ̀ ṣe é kò ní ya ènìyàn tó dúró gbọnrangandan tó na apá méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n pa ojú dé fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú kan kí wọ́n fi wo ilé ìdáná wọn lọ́kàn. Ìgbà yìí ni kí wọ́n tó mú ìwé jáde.

Mo bẹ̀ yín, ẹ má ya àpẹẹrẹ kankan sójú pátákó. Lọ́gán tí olùkọ́ bá ti ya ìkòkò kan, ìkòkò olùkọ́ ni gbogbo kíláàsì máa dà kọ, ìkòkò ilé wọn á sì parẹ́ lọ́kàn wọn. Gbólóhùn yẹn nìkan ni kó wà lójú pátákó, kí ẹ kọ ọ́ gàdàgbà, ní Yorùbá. Bí ilé ìwé yín bá ní kí ẹ máa sọ òyìnbó, ẹ kọ méjèèjì, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tó ṣáájú àwòrán wà lédè tí ọmọ fi ń sọ̀rọ̀ nílé ìdáná.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìwé, kréyọ̀nù àti ohun tí kò sí

Ẹ gé ìwé sí méjì. Ìwé kékeré kì í dẹ́rù ba ọmọ, ó sì máa ń kún kí aago tó lù. Ẹ̀yìn ìwé tí ọ́fíìsì ti tẹ nǹkan sí dára púpọ̀, ẹ kàn bẹ àwọn òbí tó ń ṣiṣẹ́ nídìí kọ̀ǹpútà kí wọ́n máa kó o pamọ́. Èédú tí ẹ ṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ máa ń ya òkùnkùn àti èéfín ju kréyọ̀nù lọ. Ṣọ́ọ̀kì lórí sìmẹ́ńtì ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà ò burú, àgàgà fún àwọn kékeré.

Ẹ kó gbogbo kréyọ̀nù kíláàsì sínú àwo, àwo kan fún ọmọ mẹ́fà. Èyí tó ti kán ń ṣiṣẹ́ bí odindi, kódà ẹ lè fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kun ibi gbòòrò.

Kílínà ni kí ẹ gbà lọ́wọ́ wọn. Ọmọ tó ní kílínà á fi ìṣẹ́jú 20 pa orí kan rẹ́ títí ìwé á fi lu. Ẹ sọ fún wọn pé ìlà tí kò tẹ́ wọn lọ́rùn, kí wọ́n sọ ọ́ di nǹkan mìíràn.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Nígbà tí wọ́n ń yà á

Ẹ máa rìn káàkiri, ẹ má jókòó. Ẹ má fi ọwọ́ yín kan ìwé ọmọ kankan. Ẹ má sì béèrè pé "Kí lèyí?", torí ohun tí ọmọ ń gbọ́ ni pé kò jọ nǹkan kan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí ojú yín bá tirẹ̀ dọ́gba, kí ẹ wí pé: "Sọ fún mi nípa apá ibí yìí." Bí ó bá ti parí ní ìṣẹ́jú mẹ́ta, bí àwọn kan ṣe máa ń ṣe, ẹ bi í ní ohun tó máa dá a padà sínú ìtàn náà. Ta ló ń dúró de àmàlà yẹn? Adìyẹ ò sí nítòsí? Kí ló wà lára ògiri?

Ẹnì kan á sì sọ pé, "Àǹtí, mi ò mọ ọwọ́ yà." Ẹ má bá a yà á. Ẹ ní kó gbé ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú, kó di pẹ́ńsù mú bí ẹni tó di ọmọrogùn mú. Ẹ bi í: ìka mélòó lo rí? Èwo ló bo èkejì? Àtàńpàkò ńkọ́? Kó ya ohun tó rí, kó má ya ohun tó mọ̀ pé ọwọ́ ní. Bí ìka mẹ́rin bá hàn, mẹ́rin ni kó yà. Wíwò bẹ́ẹ̀ ló ń gba àwọn ọmọ Prámárì Karùn-ún àti Kẹfà lọ́wọ́ ìtìjú, mo sì máa ń fi àkókò tó pọ̀ sí i fún wọn nídìí rẹ̀.

Àlọ́ àpamọ̀ gẹ́gẹ́ bí gbólóhùn àwòrán

Àwọn baba wa ti ṣe iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún wa. Àlọ́ àpamọ̀ máa ń fi àwòrán kan pa òmíràn mọ́, nítorí náà ẹ̀ẹ̀mejì lọmọ lè yà á.

Ẹ pè é: "Àlọ́ o!" Wọ́n á dáhùn: "Àlọ̀!" "Òrúkú tindí tindí, òrúkú tindì tindì, òrúkú bí igba ọmọ, gbogbo wọn ló lé tìróò. Kí ni o?" Púpọ̀ nínú wọn ló mọ̀ pé ẹ̀wà ni, ṣùgbọ́n ẹ ní kí wọ́n gbé ìdáhùn mì ná. Kí wọ́n pa ìwé pọ̀ sí méjì. Lápá òsì, kí wọ́n ya ìyá tó bí igba ọmọ tí gbogbo wọn lé tìróò. Ẹ máa rí ohun ìyanu: ìyá tó na ẹsẹ̀ sílẹ̀ tí orí ọmọ kún inú ìwé, tìróò bí ìlà dúdú lójú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ gbé àwo ẹ̀wà gidi yí ká, kí wọ́n wo ojú dúdú ara rẹ̀ dáadáa, kí wọ́n sì yà á sápá ọ̀tún.

"Òpá tẹ́ẹ́rẹ́ kanlẹ̀, ó kan ọ̀run," ìyẹn òjò, dára fún ìwé tí ẹ gé tóóró. "Òkun ń hó yaya, ọ̀sà ń hó yaya, ọmọ burúkú torí bọ̀ ọ́" á gbé wọn padà sídìí ọmọrogùn. Ẹ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan bi àwọn àgbà ilé rẹ̀ ní àlọ́ kan wá lọ́jọ́ Ajé.

Aṣọ Ìbàdàndùn

Fún Prámárì Kẹrin sókè, àdìrẹ ẹlẹ́kọ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn jẹ́ ẹ̀kọ́ odindi. Wọ́n pín aṣọ náà sí àpótí àpótí, àwòrán kọ̀ọ̀kan sì wà nínú tirẹ̀. Nínú ọ̀kan ni òpó Gbọ̀ngàn Mápó wà, tí ṣíbí sì to sáàárín àwọn òpó náà. Bí ẹ bá lè rí aṣọ náà yá, ẹ gbé e wá sí kíláàsì. Ẹ má kọ́kọ́ sọ ohun tó wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ fi ìka tọ́ka sí òpó àti ṣíbí náà fúnra wọn.

Kí wọ́n wá pa ìwé pọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí wọ́n sì tú u: àpótí 16 ló wà níbẹ̀. Gbólóhùn wọn ni: "Bí wọ́n bá fẹ́ fi àdúgbò rẹ ṣe aṣọ, kí ló máa wà nínú àpótí kọ̀ọ̀kan?" Kò pọn dandan kí gbogbo rẹ̀ yàtọ̀. Ọmọ lè ya kẹ̀kẹ́ Màrúwá sínú mẹ́rin kó sì ya ihò ojú títì sínú mẹ́rin mìíràn, kó máa tò wọ́n kọjá ara wọn. Bí àkókò bá wà, ẹ po ẹ̀kọ tó ki, kí wọ́n fi ìyẹ́ adìyẹ yà á sórí páálí, nítorí ìyẹ́ àti ẹ̀kọ náà ni àwọn aláàdìrẹ ń lò sára aṣọ kó tó wọ inú aró.

Ibi tó yẹ kí ẹ ti ṣọ́ra

"Ya bàbá rẹ" lè dun ọmọ tí kò ní bàbá mọ́. "Ya yàrá rẹ" kò bá ọmọ tó ń sùn sí pálọ̀ pẹ̀lú ẹni mẹ́fà mu. Ẹ sọ pé "ẹni tó máa ń dúró dè ọ́ nílé" tàbí "ibi tí o máa ń sùn sí". Àwọn òbí Mùsùlùmí kan kò fẹ́ kí ọmọ wọn ya ènìyàn tàbí ẹranko. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un láìpariwo: kí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ya àpótí, ìkòkò, ọmọrogùn àti èéfín, ìtàn náà ṣì pé. Nígbà ọdún Òkèbàdàn tàbí egúngún, àwọn kan á fẹ́ yà á, ilé àwọn mìíràn á kọ̀ ọ́. Ẹ fi "ọjọ́ ọdún nílé yín" ṣe gbólóhùn, kí olúkúlùkù mú ọdún tirẹ̀.

Bí àwòrán ọmọ bá ń bà yín lẹ́rù, ẹ má túmọ̀ rẹ̀ fúnra yín, ẹ má sì fi han kíláàsì. Ẹ gbọ́ ohun tí ọmọ náà fẹ́ sọ ní ìdákẹ́jẹ́, kí ẹ sì bá ọ̀gá ilé ìwé sọ ọ́.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Kí wọ́n wò ó pọ̀

Ẹ ta okùn kan láti fèrèsé sí fèrèsé, kí ẹ fi pẹ́ẹ̀gì aṣọ kọ́ àwòrán gbogbo wọn, ti gbogbo wọn pátá. Ẹ má bi wọ́n pé èwo ló dára jù. Ẹ ní: "Ẹ wá ẹni tó ya ohun kan tí kò sí nínú tiyín." Ọmọ tí kò ṣe ipò kankan rí nínú ìṣirò á gbọ́ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀ nítorí pé òun nìkan ló rántí ya àwọn bàtà tó wà lẹ́nu ọ̀nà.

Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ fún wọn ní máàkì, ẹ fún wọn lórí pé wọ́n dáhùn ìbéèrè náà, pé wọ́n mú ohun kan wá láti inú ayé wọn, àti pé wọ́n ṣe é tán. Ẹ má gba máàkì nítorí ìlà tó wọ́.

Ní táàmù kejì, ẹ gbé agolo mílíìkì òfìfo sórí tábìlì, kí àwọn ọmọ máa kọ gbólóhùn tiwọn sínú rẹ̀. Ẹ ka ọ̀kan jáde lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n mọ ohun tó wu ẹgbẹ́ wọn yà jù wá lọ. Kí wọ́n máa kọ orúkọ, déètì àti gbólóhùn ọjọ́ náà sẹ́yìn ìwé kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì tọ́jú gbogbo rẹ̀ sínú páálí kan títí di ìparí ọdún. Bí ẹ bá ń bá òbí sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀, ẹ to tirẹ̀ sílẹ̀ níwájú wọn láti oṣù kẹsàn-án títí dé oṣù keje, kí ẹ sì jẹ́ kí ọmọ náà fúnra rẹ̀ ṣàlàyé wọn.